Ṣé mágnẹ́ẹ̀tì lè dín epo kù nínú Micra mi?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Micra 2004 ni mò ń wà n'Íbàdàn. Àtìgbà tí wọ́n ti yọ subsidy ní 2023 lowó epo ti ń fojú mi rí màbo. Mẹkáníìkì mi wá ní ká so mágnẹ́ẹ̀tì mọ́ páìpù epo. Ṣé ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́?

Ìdáhùn: Ẹ má náwó yẹn jàre, bẹntiróòlù kì í ṣe irin. Ohun tí mo fẹ́ bi yín ni pé, thermostat, ìyẹn ohun tó ń dá omi rédíétọ̀ dúró títí ẹ́ńjìnì á fi gbóná tó, ṣì wà nínú ẹ́ńjìnì yẹn àbí wọ́n ti yọ ọ́ sọnù? Torí àwọn mẹkáníìkì wa, kí mọ́tò ṣáà ti gbóná díẹ̀ báyìí, òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ yọ, wọ́n á ní ìlú òtútù ni wọ́n ṣe é fún. Irọ́ ni o! Tí kò bá sí níbẹ̀, ẹ́ńjìnì ò ní tètè gbóná dé ibi tó yẹ, kọ̀ǹpútà mọ́tò á rò pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sitáàtì ni, á wá máa da epo sí i ṣáá. Ẹ yọ plug kan wò, tí ẹnu ẹ̀ bá dúdú bí ìdí ìkòkò, epo ti ń pọ̀ jù nìyẹn. Ẹ dá thermostat padà, kẹ́ ẹ lo coolant, ìyẹn omi tí wọ́n ṣe fún rédíétọ̀, kì í ṣe omi ẹ̀rọ lásán.

Táyà ńkọ́? Iye afẹ́fẹ́ tó yẹ wà lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ mọ́tò yẹn, ẹ má jẹ́ kí fọkanáísà fi ẹsẹ̀ gbá táyà kó ní ó ti tó. Ẹ yọ káríà orí mọ́tò náà tẹ́ ò bá kó ẹrù. Lójú ọ̀nà Èkó, 90 ti tó yín, eré 120 yẹn ló ń gbẹ táǹkì.