Ẹ Bi Mí: Akẹ́kọ̀ọ́ Mẹ́rin Nínú Oko Kòkó Kan

Ìyá Oníwèé ló ń dá yín lóhùn láti Àkúrẹ́

ÌBÉÈRÈ: Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Àgbẹ̀ kòkó ni mí ní abúlé kan lẹ́yìn Ilé-Olújì. Láti èṣín títí di ìsinsìnyí, akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin ló ti wá bá mi lóko, gbogbo wọn ló sì ní ìwádìí làwọn ń ṣe. Ọ̀kan bu kòkó nínú èyí tí mo sá, ó lọ yan án nínú ẹ̀rọ títí ó fi gbẹ kanrin, kò sanwó. Ìkejì ní kí n máa ka gbólóhùn sínú fóònù, "Bọ́lá ra ẹja," "Òjò rọ̀ lánàá," títí ohùn mi fi há. Ìkẹta gbé ìwé ìbéèrè wá, ó ń bi mí bóyá inú mi máa ń bàjẹ́. Ìbéèrè kan náà ló bi mí lẹ́ẹ̀mẹta, ó kàn ń yí i po ni, bí ẹni pé mo ti ń ṣarán. Ìkẹrin kò tilẹ̀ béèrè mi, bàbá bàbá mi ló ń béèrè: ta ló fún un nílẹ̀, ta ló yá a lówó, ta ló fi ṣe ìwọ̀fà. Ṣé iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe? Èwo ni ojúlówó níbẹ̀? Kí sì ni èrè tèmi?
Bàbá Oníkòkó, Ilé-Olújì

ÈSÌ: Bàbá, ẹ kú oko o. Ilé ìkówèésí yunifásítì ni mo ti ṣiṣẹ́ kí n tó fẹ̀yìn tì, ọwọ́ mi sì ni irú àwọn próójẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ ń gbà kọjá sórí pẹpẹ. Ti àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ máa ń tín-ín-rín, àwòrán àti nọ́ńbà ló kún inú rẹ̀. Ti àwọn onítàn á nípọn, ìsàlẹ̀ ojú ìwé á kún fún àlàyé wẹ́wẹ́. Ti àwọn tó ń kọ́ sàíkọ́lọ́jì, ìyẹn ìmọ̀ nípa ọkàn àti ìwà ẹ̀dá, ẹ̀yìn ìwé ni mo máa ń kọ́kọ́ ṣí, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ń lẹ ìwé ìbéèrè wọn mọ́, ibẹ̀ lèèyàn sì ti ń mọ̀ bóyá ẹni tó kọ ọ́ ti bá àgbẹ̀ kankan jókòó sọ̀rọ̀ rí.

Iṣẹ́ wọn kì í ṣe ọ̀kan náà rárá. Ẹni tó yan kòkó yín, omi ló ń wá. Kòkó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ẹ fi bò ó, omi ló ju ìdajì ìwọ̀n rẹ̀ lọ. Kó tó ṣeé tà, omi yẹn gbọ́dọ̀ wálẹ̀ sí nǹkan bí ìdá 7 nínú 100. Bó bá kọjá 8, á bu nínú àpò. Bó bá sì gbẹ jù, á máa rún. Ẹ̀yin ń mọ èyí bí ẹ bá fi ọwọ́ gbọn kòkó tí ẹ sì gbọ́ bó ṣe ń dún, ṣùgbọ́n onímọ̀ ẹ̀rọ kò lè kọ "ó ń dún dáadáa" sínú ìwé kí olùkọ́ rẹ̀ gbà á. Á wọn kòkó náà, á tì í bọ inú ófùn tí ooru rẹ̀ jẹ́ 103 lórí òṣùwọ̀n Celsius fún wákàtí 16, á tún un wọ̀n. Ohun tó bá dín, omi nìyẹn. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ̀rọ ìsákòkó tó ń lo oòrùn ló fẹ́ ṣe, kí àwọn èèyàn wa lè yéé sá kòkó sójú títì níbi tí èéfín mọ́tò àti ewúrẹ́ ti ń gba ibẹ̀ kọjá. Iṣẹ́ rere ni. Àmọ́ kó sanwó kòkó yín, kò sí àwíjàre kankan lórí ìyẹn.

Ẹni tó ní kí ẹ kàwé sínú fóònù, ohùn yín ló fẹ́. Ẹja tí Bọ́lá rà kò kàn án. Kọ̀ǹpútà kò lè gbọ́ Yorùbá àfi tó bá ti gbọ́ ohùn ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń ka ohun tí a ti kọ sílẹ̀, kó lè máa fi ohùn wé ìwé títí yóò fi mọ èyí tó bá èyí mu. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn èèyàn wa ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí: Túndé Adégbọlá ní Ìbàdàn, Ọdẹ́túnjí Ọdẹ́jọbí ní Ifẹ̀, àti àwọn ọ̀dọ́ tó kó ara wọn jọ káàkiri Áfíríkà lábẹ́ orúkọ Masakhane láti ọdún 2019. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé, bó bá jẹ́ ohùn àwọn tó ń sọ Yorùbá inú ìwé nìkan ni wọ́n ń kó jọ, ẹ̀rọ náà kò ní gbọ́ wa, àwa ará Oǹdó tí à ń fi "u" bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tí àwọn ará Ọ̀yọ́ ń fi "i" bẹ̀rẹ̀. Tó bá tún padà wá, ẹ sọ fún un pé ẹ fẹ́ sọ̀rọ̀ bí ẹ ṣe ń sọ ọ́ nílé, kó gba ìyẹn náà sílẹ̀.

Ó kan ẹnì kẹta, ẹni tó ń kọ́ sàíkọ́lọ́jì. Bàbá, kò rò pé ẹ ń ṣarán o. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ń bi èèyàn ní ìbéèrè kan náà lọ́nà mẹ́ta ni. Bí èèyàn bá fi àmì sí "inú mi ń dùn lọ́pọ̀ ìgbà," tó tún fi àmì sí "ayé sú mi," ó lè jẹ́ pé ibi tí ọwọ́ rẹ̀ bá bà ló ń fi àmì sí, kó lè tètè padà sídìí àdá rẹ̀. Àpótí márùn-ún tí ẹ rí nínú ìwé ìbéèrè yẹn, láti "mo gbà gan-an" dé "n kò gbà rárá," ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Rensis Likert ló gbé irú rẹ̀ jáde lọ́dún 1932. Ọkàn ọmọ ènìyàn kò ṣeé gbé ka orí ìwọ̀n, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gba ẹ̀yìnkùlé wọlé sí i.

Síbẹ̀, èyí ni mo máa ń fura sí jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọ̀pọ̀ nínú ìwé ìbéèrè wọ̀nyẹn, òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́, fún àwọn èèyàn tí kò rí oko kòkó rí. Akẹ́kọ̀ọ́ wa á wá dúró lábẹ́ igi, á máa fi ẹnu túmọ̀ rẹ̀, bó sì ṣe túmọ̀ rẹ̀ fún yín láàárọ̀ lè má rí bí yóò ṣe túmọ̀ rẹ̀ fún aládùúgbò yín nírọ̀lẹ́. Wọ́n á wá kó gbogbo ìdáhùn pọ̀, wọ́n á ṣírò rẹ̀ títí dé nọ́ńbà wẹ́wẹ́ tó wà lẹ́yìn póìǹtì! Kì í ṣe pé iṣẹ́ náà kò ṣeé ṣe dáadáa. Dókítà Thomas Adéoyè Lámbò, ọmọ Abẹ́òkúta, ló bẹ̀rẹ̀ ètò tí aláàárẹ̀ ọpọlọ fi ń gbé láàárín àwọn ará abúlé ní Arò, lẹ́bàá Abẹ́òkúta, lọ́dún 1954, tí ẹbí rẹ̀ á wà lọ́dọ̀ rẹ̀, tí á sì máa gba ìtọ́jú. Òun àti Alexander Leighton láti Amẹ́ríkà kó àwọn èèyàn wọn wọ àwọn abúlé tó yí Abẹ́òkúta ká. Wọn kò kàn ka orí aláìsàn. Wọ́n tún béèrè ohun tí àwọn Yorùbá fúnra wọn mọ̀ sí àárẹ̀ ọkàn. Ọdún 1963 ni ìwé tí wọ́n kọ jáde. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ wá bi yín bóyá inú yín ń bàjẹ́, kó kọ́kọ́ bi yín ohun tó ń ba inú àgbẹ̀ jẹ́.

Ìkẹrin, èyí tó ń tú ìdí bàbá bàbá yín, òfófó kọ́ ló ń ṣe. Nígbà tí kòkó dé agbègbè wa, owó àti òṣìṣẹ́ ló wọ́n. Ẹlòmíì fi ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà kó lè rówó, ẹlòmíì fi oko kòkó fúnra rẹ̀ dógò. Ohun tí ẹ bá sọ, ó lè gbé e lọ sí ilé ìkówèépamọ́ ìjọba ní Ìbàdàn, níbi tí fáìlì Ondo Province àtijọ́ wà, ìyẹn ìgbà tí àwọn òyìnbó fi Àkúrẹ́ ṣe olú ìlú rẹ̀. Á wo bóyá ẹjọ́ ilẹ̀ kan níbẹ̀ bá ọ̀rọ̀ yín mu. Bí kò bá mu gan-an ni inú rẹ̀ á dùn jù. Onímọ̀ ẹ̀rọ tó bá rí kòkó kan tó yàtọ̀ sí ìyókù, ó lè yọ ọ́ kúrò pé àṣìṣe ìwọ̀n ni. Onítàn tó bá rí ẹnì kan tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀, ọ̀dọ̀ ẹni yẹn ló máa sùn. Kódà, bí bàbá bàbá yín bá bù mọ́ ọn, tó ní òun lòun kọ́kọ́ gbin kòkó ní gbogbo Ilé-Olújì (irú ìdílé bẹ́ẹ̀ pọ̀, ẹ má bínú), onítàn á fẹ́ mọ ìdí tí orúkọ yẹn fi wù ú.

Ẹ ní èwo ni ojúlówó. Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó bá tún wá nínú wọn pé: kí ni ẹ máa rí tí ẹ ó fi gbà pé ohun tí ẹ rò kò rí bẹ́ẹ̀? Èyí tó bá rí èsì fọ̀ ni kí ẹ bu omi fún. Ní ti èrè, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀, ẹ sì lè ní kí wọ́n dúró bí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ gba orúkọ ẹ̀ka rẹ̀ àti ti olùkọ́ tó ń bójú tó o, kí ẹ sì ní kó mú àbọ̀ wá fún yín lédè tí ẹ gbọ́. Àbọ̀ yìí ni wọn kì í mú wá, ó sì ń bí mi nínú ju ti kòkó lọ.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ káàsán Mà. Ìtàn ni mò ń kà ní yunifásítì. Mo fẹ́ kọ próójẹ́ẹ̀tì mi lórí bí ẹ̀rọ ìlọta ṣe yí iṣẹ́ àwọn obìnrin padà ní Ọjà Ọba, Àkúrẹ́. Àbúrò bàbá mi, ẹnjiníà, ló ń sanwó ilé ìwé mi. Ó ní ìyẹn kì í ṣe ìwádìí, pé ìtàn kò ní láàbù. Kí ni kí n sọ fún un?
Akẹ́kọ̀ọ́, Ọ̀bà-Ilé

ÈSÌ: Ọmọ mi, má bá a jiyàn, ẹni tó ń sanwó ni. Bi í bóyá ó ti dé Ihò Eléérú rí, lápá Ìsàrùn, tí kò jìnnà sí Àkúrẹ́. Lọ́dún 1965, awalẹ̀pìtàn kan tó ń jẹ́ Thurstan Shaw àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ hú egungun orí ènìyàn kan níbẹ̀ pẹ̀lú òkúta tí wọ́n gbẹ́ ṣe irinṣẹ́, rẹpẹtẹ. Egungun náà tó nǹkan bí ọdún 13,000. Ìmọ̀ físíìsì àti kẹ́mísírì ló sọ ọjọ́ orí rẹ̀. Lọ́dún 2011, Katerina Harvati àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi kọ̀ǹpútà wọn bí orí náà ṣe rí, wọ́n fi wé ti àwọn mìíràn, wọ́n sì rí i pé ó jọ ti àwọn èèyàn tó ti wà tipẹ́tipẹ́ ṣáájú rẹ̀ ju tiwa lọ. Ìtàn wa ní láàbù o, àwọn ẹnjiníà ló kàn ń bá wa kọ́ ọ.

Ìwọ náà nílò àbúrò bàbá rẹ yìí. Ní kó ṣàlàyé fún ọ bí ẹ̀ńjìnnì Lister tó ń yí ẹ̀rọ ìlọta ṣe ń ṣiṣẹ́, iye dísù tó ń jẹ, ìdí tí ọmọ ọkùnrin fi máa ń wà nídìí rẹ̀ nígbà tó jẹ́ pé obìnrin ló ń lo ọlọ tẹ́lẹ̀. Ìbéèrè ìkẹyìn yẹn, á rí i pé kò sí nínú ìwé tí òun kà.

Nígbà tí o bá dé ọ̀dọ̀ àwọn ìyá, má bi wọ́n pé ọdún wo ni ẹ̀rọ dé. Kò sẹ́ni tó ń kọ irú ìyẹn sílẹ̀. Bi wọ́n bóyá pọ́n-ùn ni wọ́n fi sanwó ata lílọ àkọ́kọ́ tàbí náírà. Náírà bẹ̀rẹ̀ ní January 1973. Bi wọ́n bóyá ogun abẹ́lé ti parí, 1970 nìyẹn. Bi wọ́n bóyá a ti di Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ìyẹn February 1976. Bí ìyá mẹ́ta tí wọn kò jọ jókòó pọ̀ bá pàdé síbì kan náà, o ti rí nǹkan dì mú. Kí o sì lọ lọ́sàn-án tí ọjà bá rọlẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọ́n á ní kí o wá bá wọn ṣa ata.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ mi ọkùnrin ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ti ìjọba àpapọ̀ níbí ní Àkúrẹ́. Ó ní ilé ìwé àwọn ní sátẹ́láìtì lójú ọ̀run. Mo ní kó yéé parọ́. Ṣé òótọ́ ni?
Ìyá Aláṣọ, Àkúrẹ́

ÈSÌ: Òótọ́ ni, ẹ jọ̀ọ́. Nigeria EduSat-1 ni orúkọ rẹ̀. Kò tóbi: ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10, ó sì wúwo tó nǹkan bíi kílò kan. FUTA àti Kyushu Institute of Technology ti ilẹ̀ Japan ló jọ ṣe é, nínú ètò kan náà tí Gánà, Mòǹgólíà àti Bangladesh wà. Rọ́kẹ́ẹ̀tì gbé e láti Florida ní June 2017, wọ́n sì jù ú sójú òfuurufú ní July. Ó ti jó dànù lọ́dún 2019, bí irú wọn ṣe máa ń ṣe. Nítorí náà, "ní" kọ́ ló yẹ kí ọmọ yín wí, "ti ní" ni. Ẹ lè bá a wí lórí ìyẹn tí ẹ bá ṣì ń bínú.