Ọtí di bárakú, ilé ìwòsàn jìnnà

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n mi kì í yé mu ọtí líle. Ibi ìtọ́jú jìnnà sí abúlé wa, ìbátan wa sì ni nọ́ọ̀sì tó wà nítòsí. Ojú ń ti ẹ̀gbọ́n mi láti lọ bá a. Ṣé ká tì í mọ́lé kó lè jáwọ́?

Ìdáhùn: Ẹ má dán an wò! Bó bá dáwọ́ dúró lójijì, ọwọ́ rẹ̀ lè máa gbọ̀n láàárín wákàtí 6 sí 24. Gìrì lè mú un kí wákàtí 48 tó pé, ó sì lè pa á. Bó bá ń rí ohun tí ẹlòmíì ò rí, ẹ má pè é ní èpè, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn kíá. Ẹ kọ́kọ́ pe ibi ìtọ́jú lórí fóònù: ẹ sọ iye tó ń mu lójúmọ́ àti bóyá gìrì ti mú un rí, kẹ́ ẹ sì bi wọ́n bóyá fóònù lè rọ́pò díẹ̀ nínú ìrìn àjò náà.