Fèrèsé onígi ilé bàbá wa ní Ìgbẹ̀ìn: ṣé ká yọ ọ́ dànù?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Èmi ni akọ̀wé ẹbí wa. Bàbá bàbá wa, ọmọ Sàró (àwọn tó ti Sierra Leone padà wálé), ló kọ́ ilé wa tó wà ní Ìgbẹ̀ìn, l'Abẹ́òkúta. Ilé alámọ̀ ni, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan. Fèrèsé mẹ́rìnlá àti ilẹ̀kùn mẹ́ta ló ní, igi ni gbogbo wọn. Ìsàlẹ̀ púpọ̀ nínú wọn ti jẹrà, ilẹ̀kùn iwájú kò sì ṣeé tì dáadáa mọ́. Àwọn àbúrò mi tó wà l'Ékòó ti dá owó, wọ́n ní ká yọ gbogbo rẹ̀, ká fi aluminíọ̀mù onígíláàsì sí i. Àmọ́ àwọn òṣìṣẹ́ mùsíọ́mù ti wá ya fọ́tò ilé náà rí, wọ́n ní ohun àjogúnbá ni. Ṣé a lè pààrọ̀ wọn?

Ìdáhùn: Ẹ kú àmójútó ilé o. Ẹ má tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òòlù kan fèrèsé yẹn. Owó tí àwọn àbúrò yín dá máa wúlò, ṣùgbọ́n nínú irú ilé yín, ohun tó sábà máa ń bàjẹ́ kì í ju ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan lọ ní ìsàlẹ̀ igi. Gbogbo ohun tó wà lókè rẹ̀ ṣì le koko.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ ìjọba. Kí òṣìṣẹ́ ya fọ́tò ilé yàtọ̀ sí kí ìjọba kéde rẹ̀. Òfin tó dá àjọ mùsíọ́mù àti ohun ìrántí ilẹ̀ Nàìjíríà sílẹ̀ ní 1979 là á kalẹ̀ pé inú Gásẹ́ẹ̀tì ìjọba ni wọ́n ti ń kéde irú ilé bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ti kéde rẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ ni kéèyàn tú nǹkan kúrò lára rẹ̀ tàbí kó yí i padà láìgba ìyọ̀ǹda àjọ náà. Ẹ kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì wọn l'Abẹ́òkúta, ẹ fi fọ́tò fèrèsé kọ̀ọ̀kan ti lẹ́tà náà, ẹ béèrè ibi tí ọ̀rọ̀ ilé yín dé, kí ẹ sì gba èsì ní kíkọ. Bí wọ́n bá tilẹ̀ ní kò sí nínú Gásẹ́ẹ̀tì, ìmọ̀ràn mi kò yí padà. Ilojo Bar, ilé àwọn Àgùdà (àwọn tó ti Brazil padà wálé) nítòsí Ìta Tinúbú l'Ékòó, ti wà nínú ìwé ìjọba láti 1956. Síbẹ̀, ní oṣù kẹsàn-án 2016, wọ́n wó o palẹ̀. Ọwọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ nilé ni ọ̀rọ̀ yìí wà jù.

Ní báyìí, ẹ mú sùkùdíráfà, kí ẹ lọ bá fèrèsé kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi gún igi náà láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ibi tó bá wọlé bí ìgbà téèyàn ń gún iṣu sísè, ó ti jẹrà. Ibi tó bá kọ̀ jálẹ̀, igi rere ni. Ẹ fi ẹ̀fun sàmì sí ibi tí ìjẹrà parí sí, kí ẹ kọ nọ́ńbà sára fèrèsé náà. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi ìka kàn án: tó bá dún bí agbè òfìfo, tí ẹ sì rí ọ̀nà amọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gun ògiri bọ̀ láti ilẹ̀, ikán ti wọ inú rẹ̀, ìyẹn sì yàtọ̀ sí ìjẹrà. Ti ikán, láti ilẹ̀ la ti ń wo ó sàn, torí bí a bá pààrọ̀ igi tí a kò pa ikán ilẹ̀, igi tuntun náà ló máa jẹ.

Ìjẹrà kò ní orísun méjì ju omi tó dúró lọ. Igi tó gbẹ dáadáa, tí omi inú rẹ̀ kò tó ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún, olú tó ń jẹ igi kò lè gbé inú rẹ̀. Ẹ wo òkè: ṣé páànù ti jò sí ibẹ̀ ni? Ṣé wọ́n rẹ́ símẹ́ǹtì mọ́ ìsàlẹ̀ fèrèsé débi pé omi òjò kò rí ọ̀nà sá? Ẹ wá ibi tí omi ń gbà kí ẹ tó wá káfíńtà.

Mo mọ ìdí tí aluminíọ̀mù fi ń wu àwọn àbúrò yín. Ó mọ́ tónítóní, kò sì gba ọ̀dà. Ṣùgbọ́n èyí tó ń yọ́ lọ yọ́ bọ̀ yẹn, ààbọ̀ ojú fèrèsé ló ń ṣí; ààbọ̀ kejì, gíláàsì ló dí i. Fèrèsé onígi yín, gbogbo rẹ̀ ló ń ṣí gbayawu. L'Abẹ́òkúta tí àpáta ń mu oòrùn látàárọ̀ tó sì ń yọ ooru náà síta lóru, ẹ óò mọ ìyàtọ̀ rẹ̀ ní oṣù kẹta, nígbà tí kò bá sí iná.

Ewu tó jù ú lọ wà nínú ògiri. Àwọn tó kọ́ irú ilé yín gbé férémù fèrèsé kalẹ̀ bí wọ́n ṣe ń mọ ògiri lọ ni. Àwọn igi rẹ̀ gùn wọ inú amọ̀ lọ́tùn-ún lósì, àtẹ́rígbà tó wà lókè sì ń gbé amọ̀ orí rẹ̀. Ọdún kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wọ́n ní kí n yọ irú fèrèsé bẹ́ẹ̀. Mo gé òpó méjèèjì, mo fà á jáde, n kò fi igi gbé òkè ró. Amọ̀ tó kún wilibárò méjì já wálẹ̀. Ìyá àgbà kan ń sùn ní yàrá kejì; mo ṣì ń rántí bó ṣe sáré jáde nínú eruku pupa yẹn. Ọlọ́run yọ wá, kò ṣèèṣe, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi tún ògiri náà mọ. Àwọn alálúmíníọ̀mù á sì fi símẹ́ǹtì dí etí ihò náà yíká. Amọ̀ ń mu omi, ó sì ń mí i síta. Símẹ́ǹtì kì í jẹ́ kó mí. Kó tó ọdún bíi mélòó kan, ó máa sán, á wó pẹ̀lú amọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Àtúnṣe tó yẹ rèé. Káfíńtà máa gé ibi tó jẹrà kúrò títí dé igi tó le, kì í ṣe ní ọ̀gbọọrọ bí ẹni gé búrẹ́dì, bí kò ṣe ní ìdàgẹ̀rẹ̀ tó dà sí ìta, kí omi lè máa ṣàn kúrò ní ojú ìpàdé náà. Á wá gbẹ́ igi irú kan náà, á fi gọ́ọ̀mù tí omi kì í yọ àti sùkúrù idẹ so ó mọ́ ọn. Lábẹ́ igi ìsàlẹ̀, kí ó fi ayùn la ìlà tóóró kan: omi tó bá ń yọ́ lọ sí abẹ́ igi, tó bá dé ìlà yẹn, á kán sílẹ̀, kò ní dé ara ògiri. Ẹnu igi, níbi tí wọ́n ti gé e, ni kí ẹ kun ní ọ̀dà jù, torí pé ibẹ̀ ló ń fa omi bí òwú àtùpà ṣe ń fa epo. Gbogbo ẹ̀gbẹ́ igi ni kí wọ́n kun kí wọ́n tó gbé e sípò, títí kan ẹ̀yìn tí ẹnikẹ́ni kò ní rí.

Ẹ má gbà kí wọ́n fi ẹ́ńjìn óìlì àlòkù pa á nítorí ikán. Ọ̀dà kò ní lẹ̀ mọ́ ọn mọ́ láé. Ọ̀dà àtijọ́ tó wà ní abẹ́ pátápátá lè ní òjé nínú, òjé sì máa ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Wọn kò gbọ́dọ̀ fi iná jó o, wọn kò sì gbọ́dọ̀ fi sáńpépà gbígbẹ ha á. Kí wọ́n fi omi rẹ ẹ́, kí àwọn ọmọ jìnnà síbẹ̀.

Ti ilẹ̀kùn iwájú: ṣé ìgbà òjò ló ń di? Igi ń wú nígbà òjò, ó ń sún kì nígbà ọyẹ́. Bí wọ́n bá fági í ní oṣù keje, nígbà tó bá di oṣù kìn-ín-ní, ẹ óò máa rí ìta láti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ gbé e wò: tó bá ń mì lára híńjì, ihò sùkúrù ló ti gbòòrò. Kí wọ́n fi èèkàn igi líle dí ihò náà, kí wọ́n tún lu tuntun. Ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn tí wọ́n ní ó ti bàjẹ́, kò ní àìsàn ju ìyẹn lọ.

Èyí tó bá ti jẹrà láti òkè délẹ̀, ó di dandan kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Kí káfíńtà fi ti àtijọ́ ṣe àpẹẹrẹ, kí ó wọn gbogbo rẹ̀, kí ẹ má sì sun àtijọ́ náà. Ìrókò, ọ̀gànwó tàbí àpá ni kó lò, àmọ́ kí ẹ ra igi náà ṣáájú, kí ẹ tò ó sábẹ́ òrùlé pẹ̀lú àlàfo láàárín, kó gbẹ fún oṣù púpọ̀. Ìrókò àwọn baba wa ti gbó nínú igbó kí wọ́n tó gé e; èyí tí à ń rà ní sọ́ọ̀mìlì báyìí, omi ṣì máa ń wà lára rẹ̀. Kí káfíńtà náà bo imú, torí eruku ìrókò ń yún ara, ó sì ń dí èémí. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn àti irin olè, inú ni kí ẹ fi wọ́n sí, ní ọ̀nà tí a fi lè yọ wọ́n láìgé igi.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú fèrèsé kan ṣoṣo, ti ẹ̀yìn ilé, nígbà tí òjò bá ti dá ní oṣù kọkànlá. Bí ó bá ti parí, ẹ ní kí àwọn àbúrò yín wá láti Èkó, kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣí i, kí wọ́n sì tì í, kí ẹ tó jọ ná owó yòókù.