Ẹ ṣọ́ra fún "how", pàápàá "how come"

Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ìdánwò o. Ẹ ní ṣé "How do you call this?" ló tọ̀nà ni, àbí "What do you call this?", àti pé iṣẹ́ mélòó ni "how" tilẹ̀ ń ṣe nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì. "What do you call this?" ni kí ẹ máa lò. Orúkọ nǹkan lẹ ń béèrè níbẹ̀. Yorùbá ló ń sọ pé "Báwo ni wọ́n ṣe ń pè é?", ìdí nìyẹn tí "how" fi máa ń yọ sí wa lẹ́nu.

Àwọn iṣẹ́ tí gbogbo ayé mọ̀, mi ò ní pẹ́ lórí wọn. Ó ń béèrè ọ̀nà tí a gbà ṣe nǹkan: "How did you open it?" Ó ń béèrè àlàáfíà: "How are you?" Ó tún ń béèrè ìwọ̀n: "how old", "how far", "how often". "How many" wà fún ohun tó ṣeé kà, "how much" fún owó àti ohun tí kò ṣeé kà, bí omi.

Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ síbi "how come", nítorí ibẹ̀ ni ojú mi ti rí màbo. Mo kọ "How come you left early?" sínú ìdánwò. Olùkọ́ tó yẹ̀ ẹ́ wò fi bírò pupa kọ "did" sáàárín, ó ní "How come did you leave early?" ló yẹ kí n kọ. Irọ́ ni! "Why" ló nílò "did": "Why did you leave early?" "How come" kì í gbà á rárá. Ẹ wò ó báyìí: "Báwo ló ṣe ṣẹlẹ̀ pé o tètè lọ?" Ohun tó tẹ̀lé "pé" yẹn kì í ṣe ìbéèrè mọ́, bẹ́ẹ̀ gan-an ni ohun tó ń tẹ̀lé "how come" rí. Mo gbé ìwé atúmọ̀ èdè lọ bá olùkọ́ yìí, mo ṣí ojú ewé náà sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó ní ìwé atúmọ̀ èdè kọ́ ló ń fúnni ní máàkì. Mo lọ bá ọ̀gá rẹ̀, ìyẹn náà ò tilẹ̀ wo ìwé náà. Máàkì yẹn ló kù kí n fi yege. Bí mo ṣe tún ìdánwò ṣe nìyẹn, tí mo tún sanwó rẹ̀, inú sì ń bí mi títí dòní. Ká ní ó sọ pé ọ̀rọ̀ ẹnu ni "how come", pé kò yẹ lẹ́tà àìgbẹ̀fẹ̀, ǹ bá gbà, torí òótọ́ ni. Àmọ́ ó ní àṣìṣe ni.

Nítorí náà, nínú ìdánwò, "why" ni kí ẹ lò. Ẹ má fi máàkì yín bá ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ jà.

Ẹ tún ṣọ́ra fún àwọn olùkọ́ lẹ́sìnnì tó ń ní "báwo" ni "how", ó parí. "Báwo ló ṣe rí?" nìkan, mẹ́ta ni nínú Gẹ̀ẹ́sì. "How is she?" ń béèrè àlàáfíà rẹ̀, "What is she like?" ń béèrè ìwà, "What does she look like?" ń béèrè ìrísí. "How does she look like?" tí mò ń gbọ́ káàkiri yìí kò tọ̀nà rárá. Bí ẹnì kan bá sì sọ pé "How do you do?" nígbà tí ẹ kọ́kọ́ pàdé, ẹ má ro àìsàn fún un o. Ìkíni ni, ohun kan náà lẹ máa fi dá a lóhùn.

"How about" ń dá àbá, bí ọ̀rọ̀-ìṣe bá sì tẹ̀lé e, "-ing" ló ń gbà: "How about leaving now?" Bí "how" bá wà láàárín gbólóhùn, "did" tún gbọ́dọ̀ kúrò: "I don't know how he opened it." Bó bá jẹ́ ìyanu, bíi "Ó mà ga o!", "How tall she is!" ni, "is" ló ń gbẹ̀yìn. "How to open it" lè jẹ́ àkọlé ìwé, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń béèrè lọ́wọ́ èèyàn, "How do I open it?" ni kí ẹ sọ.