Ìdí Tí Fáìlì Fídíò Yín Fi Tóbi Jù

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Mo ṣe àtúntò fídíò oníṣẹ́jú 12 kan. 1080p ni, àwòrán 30 ló wà nínú ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, H.264 sì ni mo yàn nígbà tí mo fẹ́ gbé e jáde. Gigabyte 4.5 ni fáìlì náà jẹ́, filáàṣì mi kò sì gbà á, bẹ́ẹ̀ filáàṣì gigabyte 32 tí kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀ ni. Ẹnìkan ní kí n yí i kúrò ní MOV sí MP4. Mo yí i, kò dín rárá. Ṣé H.265 ló kù tí mo gbọ́dọ̀ lò?

ÌDÁHÙN: Páálí lásán ni MOV àti MP4. Inú páálí ni a ń kó àwòrán àti ohùn sí. Codec, irú bíi H.264 àti H.265, ni ọ̀nà tí a gbà dì wọ́n kí wọ́n tó wọ inú rẹ̀. Bí ẹ bá kó ẹrù kan náà kúrò nínú páálí kan bọ́ sínú òmíràn láì tún un dì, bó ṣe wúwo náà ni yóò ṣe wúwo.

Ohun tó ń pinnu ìwọ̀n fáìlì gan-an ni bitrate, ìyẹn iye megabit tí fídíò ń ná ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ ká ṣírò tiyín. Ìṣẹ́jú 12 jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 720. Gigabyte 4.5 jẹ́ megabyte 4,500, bit 8 ló sì wà nínú byte kan, nítorí náà megabit 36,000 ni gbogbo rẹ̀. Bí ẹ bá pín in sí ọ̀nà 720, 50 ni yóò fún yín. Megabit 50 ti pọ̀ jù fún fídíò 1080p tí a kàn fẹ́ fi ránṣẹ́. Megabit 8 ni YouTube fúnra rẹ̀ dámọ̀ràn fún irú fídíò yín yìí, 12 fún èyí tó ní àwòrán 60. Ẹ fi bitrate sí 8, ẹ má yí codec padà, fáìlì náà yóò já wálẹ̀ sí nǹkan bíi megabyte 720. Ẹ má sì tìtorí ìwọ̀n fún ohùn mọ́ra, nítorí AAC, codec ti ohùn, oníkilobit 192 kò ju nǹkan bíi megabyte 17 lọ nínú ìṣẹ́jú 12.

Ní ti filáàṣì yín, ó jọ pé FAT32, ìyẹn ọ̀nà àtijọ́ kan tí a gbà ń to fáìlì sórí dísíìkì, ni wọ́n fi tò ó, FAT32 kì í sì í gba fáìlì kan ṣoṣo tó bá tó gigabyte 4, bó ti wù kí àyè pọ̀ tó. Ẹ tún un tò sí exFAT, tí fáìlì ńlá kì í ṣe ìṣòro fún.

H.265 dára. Ọdún 2013 ló jáde, ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn H.264, ó sì lè fi nǹkan bí ìdajì bitrate gbé àwòrán tó dán bákan náà jáde. Ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́ kí kọ̀ǹpútà tó dì í tán, àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ kan kò sì lè ṣí i. Èrò tèmi ni pé bí ẹ kò bá mọ irú ẹ̀rọ tó wà lọ́wọ́ àwọn tí ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́ sí, kí ẹ dúró sórí H.264.

Ẹ fara balẹ̀ wo ohun kan, nítorí ó ti dà mí láàmú rí. Codec kì í kọ gbogbo àwòrán sílẹ̀ látòkè délẹ̀; ó máa ń tọ́jú ọ̀kan ní kíkún, lẹ́yìn náà kìkì ohun tó bá yí padà ni yóò máa kọ. Ẹni tó jókòó síwájú ògiri, tí ètè àti ọwọ́ rẹ̀ nìkan ń mì, kì í ná an ní nǹkan púpọ̀, ṣùgbọ́n igi tí atẹ́gùn ń fẹ́, tí ewé kọ̀ọ̀kan ń gba ọ̀nà tirẹ̀, máa ń jẹ bitrate gan-an. Mo ya ẹnìkan rí nínú yàrá tí iná rẹ̀ kò mọ́lẹ̀ tó. Onítọ̀hún kò mira, síbẹ̀ fáìlì náà wú kọjá ohun tí mo retí. Nígbà tí mo sún àwòrán náà mọ́ra, mo rí i pé èérún wínníwínní kún ara ògiri, wọ́n ń jó káàkiri bí iyanrìn inú asẹ́, codec sì ń ka gbogbo wọn sí ohun tuntun. Láti ìgbà náà, mo máa ń fi denoise, irinṣẹ́ tó ń yọ irú èérún bẹ́ẹ̀ kúrò, fọ irú fídíò bẹ́ẹ̀ kí n tó gbé e jáde.

Bí kò bá sí iye kan pàtó tí fáìlì kò gbọdọ̀ kọjá, CRF ni mo fẹ́ràn ju bitrate lọ, èyí tí HandBrake, ètò kan tí a fi ń yí fídíò padà, ń pè ní RF. Dídán ni ẹ ó yàn, codec yóò sì fúnra rẹ̀ ná iye tó yẹ síbi tó yẹ. Nínú x264, ètò tó ń di fídíò sí H.264, 23 ni wọ́n ti fi sí i tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá fi 6 kún un, bitrate yóò dín sí nǹkan bí ìdajì. Ẹ kọ́kọ́ gbé ìṣẹ́jú kan péré jáde, níbi tí nǹkan ti ń mì jù lọ, kí ẹ sì wò ó lójú ẹ̀rọ ńlá.

ÌBÉÈRÈ: Bí mo bá ti gba fáìlì kékeré tán, ṣé mo lè pa ńlá rẹ́?

ÌDÁHÙN: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí codec bá dà nù nígbà tó ń fún fídíò pọ̀ kì í padà wá mọ́. Bí ẹ bá sì tún gbé òmíràn jáde láti inú kékeré, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí í rí igun mẹ́rin-mẹ́rin lójú ọ̀run àti níbi tó bá ṣókùnkùn. Ẹ tọ́jú ńlá sórí dísíìkì mìíràn, inú rẹ̀ ni kí ẹ sì ti máa mú ẹ̀dà tuntun èyíkéyìí tí ẹ bá fẹ́.