Ẹ Bi Wá: Ṣé Ìbẹ̀rù Ni Ó Ń Bí Ogun?

Láti ìgbà tí a ti tẹ àròkọ kan jáde lórí Ogun Kírìjì, ogun tí Ìbàdàn àti Èkìtì Parapọ̀ bá ara wọn jà láyé àtijọ́, tí mo sì sọ níbẹ̀ pé ìbẹ̀rù wà lára ohun tí ó bí i, ni lẹ́tà ti ń wọlé. Mẹ́ta nínú wọn gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ béèrè ohun kan náà, ìdí nìyí tí mo fi kó wọn pọ̀ sójú ewé yìí.

“Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Olùkọ́ wa sọ ní kíláàsì pé bí ọmọ ènìyàn bá bẹ̀rù ogun bí ó ti yẹ, ogun kò ní sí mọ́ láyé. Mo ní kò lè rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé kò sí ẹni tí kò bẹ̀rù ikú, síbẹ̀ àwọn ènìyàn ń jagun. Gbogbo kíláàsì fi mí rẹ́rìn-ín. Ta ló jàre?” (Akẹ́kọ̀ọ́, Òṣogbo)

Ìwọ àti olùkọ́ rẹ ni ẹ jọ jàre. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ẹ̀yin méjèèjì ń fi pe nǹkan méjì ni ó dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Ìbẹ̀rù tí olùkọ́ rẹ ń sọ ni ìbẹ̀rù ogun fúnra rẹ̀: ìbẹ̀rù ọta, ìbẹ̀rù ebi, ìbẹ̀rù oko tí yóò di igbó àti ọmọ tí wọn yóò kó lẹ́rú. Irú ìbẹ̀rù bẹ́ẹ̀ a máa dá ènìyàn dúró. Ṣùgbọ́n òmíràn wà, ìyẹn ìbẹ̀rù aládùúgbò ẹni, èrò pé bí a kò bá tètè ṣe é, òun ni yóò ṣe wá, àti pé bí a bá jẹ́ kí ọ̀la dé, agbára rẹ̀ yóò ti ju tiwa lọ. Ìbẹ̀rù kejì yìí ni ó sábà máa ń gbé ìbọn lé ènìyàn léjìká, ó sì lè mú ẹni tí ó kórìíra ogun jù lọ sáré dé ojú ogun ṣáájú ẹni tí ó fẹ́ràn rẹ̀.

Kírìjì fúnra rẹ̀ ni ẹ̀rí mi. Lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́-Ilé ti tú, tí àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn sì ti dá ogun Ìlọrin padà ní Òṣogbo tìrẹ yìí ní nǹkan bí ọdún 1840, ó ṣòro láti rí ìlú kan ṣoṣo ní ilẹ̀ Yorùbá tí ó lè dá Ìbàdàn lẹ́kun. Wọ́n fi ajẹ́lẹ̀, ìyẹn aṣojú tí ń bá wọn ṣàkóso, sí àwọn ìlú Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà, Ìgbómìnà àti Àkókó. Ajẹ́lẹ̀ a máa gba ìṣákọ́lẹ̀, àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ a sì máa wọ oko olóko, wọn a máa fa ewúrẹ́ elewúrẹ́ lọ, wọn a sì máa fọwọ́ kan ìyàwó oníyàwó. Ní ọdún 1878, Fábùnmi ará Òkè-Ìmẹ̀sí pa àwọn ènìyàn ajẹ́lẹ̀ tí ó wà ní ìlú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kì í ṣe ajẹ́lẹ̀ ni ó ń ba òun àti àwọn ará ìlú rẹ̀ lẹ́rù mọ́, bí kò ṣe ẹ̀san tí ń bọ̀. Ẹ̀rù ẹ̀san yìí ni ó sáré so àwọn ìlú tí wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ti ara wọn pọ̀ di Èkìtì Parapọ̀.

Wàyí o, wo apá kejì. Àwọn kan a máa sọ ìtàn yìí bí ẹni pé ìgbéraga nìkan ni ó gbé Ààrẹ Látòósà jáde ní Ìbàdàn. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Ìgbéraga wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù ni ó jókòó lé lórí. Bí ìlú kan bá pa ènìyàn ajẹ́lẹ̀ tí ó sì lọ láìjìyà, ìlú mélòó ni yóò kù lọ́wọ́ wọn tí ọdún bá fi yípo? Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ti ti ọ̀nà etíkun mọ́ wọn láti ọdún 1877, nítorí pé àyà àwọn náà ń já pé bí Ìbàdàn bá lè rí ọ̀nà tààrà gba ẹ̀tù àti ìbọn láti etí òkun, kò sí ẹni tí yóò lè mú wọn mọ́. Ní ti Látòósà fúnra rẹ̀, oyè Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò ni ó wà lórí rẹ̀, oyè tí àṣà sọ nípa rẹ̀ pé kí ẹni tí ó bá jẹ ẹ́ ṣẹ́gun wálé, tàbí kí wọ́n gbé òkú rẹ̀ wálé. Ta ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò sọ fún pé òun rò ó wò, òun sì padà?

Báyìí ni wọ́n ṣe dé àárín àwọn òkè tí ó wà láàárín Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé. Ìbàdàn pàgọ́ sí ìhà Ìgbájọ, Èkìtì Parapọ̀ pàgọ́ sí ìhà Ìmẹ̀sí-Ilé, odò kan sì wà láàárín wọn. Mo ti dé etí odò náà rí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Mo ká ṣòkòtò mi dé orúnkún, mo sì rìn ín já kí n tó ka ìṣísẹ̀ ogún. Fẹ̀jẹ̀bojú ni wọ́n ń pè é. Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n ń ṣòwò ní Èkó fi ìbọn òyìnbó tí wọ́n ń ki láti ẹ̀yìn ránṣẹ́ sí àwọn ará ilé, ìró rẹ̀ tí ó ń ta mọ́ ara òkè, kírìjì, kírìjì, ni ogun náà sì ti gba orúkọ. Ṣakabùlà, ìbọn àtijọ́ tí wọ́n ń ki láti ẹnu, ni ó pọ̀ jù lọ́wọ́ Ìbàdàn nígbà náà.

Ibi tí ìtàn yìí ti kan ìbéèrè rẹ jù lọ nìyí. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, kò sí ẹni tí ogun náà kò sú. Wọ́n ti mọ ilé sínú àgọ́, wọ́n ti dá oko, wọ́n ti bímọ síbẹ̀. Látòósà kú sínú àgọ́ ní ọdún 1885. Kí ló wá dé tí wọn kò lọ sílé? Fi ojú inú wo àgọ́ tí ó ń palẹ̀mọ́: ọkùnrin tí ó gbé ẹní àti ìkòkò rù, tí ó tún fa ọmọ lọ́wọ́, kò lè di ìbọn mú, ẹ̀yìn rẹ̀ ni ó sì kọ sí ọ̀tá. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ dìde ni ó fẹ́ kọ́kọ́ kú. Ẹni tí ó wà ní òdìkejì odò mọ èyí nípa ara tirẹ̀ náà. Nítorí náà, àwọn méjèèjì jókòó, ìjà ti tán nínú wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀rù àtidẹ́kun ìjà kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ká ẹní.

Ó di dandan kí ẹlòmíràn bọ́ sí àárín. Àlùfáà méjì, Samuel Johnson àti Charles Phillips, ni wọ́n ń gbé ọ̀rọ̀ lọ, tí wọ́n ń gbé ọ̀rọ̀ bọ̀ láàárín Gómìnà Èkó àti àgọ́ méjèèjì. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní ọdún 1886, wọ́n sì kéde àlàáfíà lójú ogun ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún náà. Síbẹ̀, Ìkìrun ni àwọn Ìbàdàn tún lọ tẹ̀dó sí, àwọn Èkìtì náà kò tú ká tán, títí di ọdún 1893 tí Gómìnà Carter fi gòkè wá fúnra rẹ̀. Ọdún méje gbáko lẹ́yìn tí wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé! (Kí á má sì tan ara wa: Carter kò wá lásán. Ọdún tí ó ṣáájú ni ìbọn òyìnbó fọ́ Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọ̀n, gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ni ó sì gbọ́. Ìbẹ̀rù ẹni tí ó lágbára jù wọ́n lọ wà lára ohun tí ó bá wọn tú àgọ́ náà, a sì mọ ohun tí èyí ná wa lẹ́yìn náà.)

Nígbà tí ẹ bá tún dé kíláàsì, má ṣe sọ fún olùkọ́ rẹ pé wọ́n ṣàṣìṣe. Bi wọ́n pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé, nínú ìbẹ̀rù méjèèjì, èwo ni wọ́n ní lọ́kàn?

“Ẹ kú iṣẹ́ ìgbélárugẹ èdè wa. Láti ìgbà tí wọ́n ti ju bọ́m̀bù átọ́míìkì sí Jàpáànì ni àwọn alágbára ayé kò ti gbógun ti ara wọn tààrà mọ́. Ṣé kì í ṣe ẹ̀rù ni ó ń ṣọ́ wa báyìí? Kí ló dé tí ẹ ń bú u?” (Ọmọ Ìjẹ̀bú, London)

N kò bú u. Láti ọjọ́ 9 oṣù Kẹjọ ọdún 1945 tí bọ́m̀bù kejì bọ́ sí Nagasaki, ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn ti Hiroshima, kò sí ẹni tí ó tún fi irú rẹ̀ jagun, mo sì gbà pé ìbẹ̀rù ogun ni ó ṣe é. Àmọ́ orí ilẹ̀ àwọn ará Kòríà, Vietnam àti Angola ni àwọn alágbára náà ti lọ ń dán agbára ara wọn wò, àwọn ni wọ́n sì san owó àlàáfíà tí ẹ̀yin ń gbádùn ní London.

Ohun tí ó ń kọ mí lóminú ni pé inú yàrá kan náà ni ìbẹ̀rù méjèèjì ń gbé. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1983, ọ̀gá ológun Soviet kan tí ń jẹ́ Stanislav Petrov wà lẹ́nu iṣẹ́ òru ní ibùdó kan lẹ́yìn ìlú Moscow, níbi tí wọ́n ti ń fi sátẹ́láìtì ṣọ́ Amẹ́ríkà. Kọ̀ǹpútà pariwo pé rọ́kẹ́ẹ̀tì kan ti gbéra ní Amẹ́ríkà. Kò pẹ́, ó ní mẹ́rin mìíràn ti tẹ̀ lé e. Ibẹ̀rẹ̀ oṣù náà ni àwọn Soviet yìnbọn já ọkọ̀ òfuurufú èrò Kòríà kan lulẹ̀, ara ń gbóná níhà méjèèjì, wọ́n sì ti ń retí kí ẹnìkejì kọ́kọ́ ṣe é. Petrov rò ó pé ẹni tí ó bá fẹ́ pa odindi orílẹ̀-èdè rẹ́ kò ní fi rọ́kẹ́ẹ̀tì márùn-ún péré bẹ̀rẹ̀, ó sì jíṣẹ́ fún àwọn ọ̀gá rẹ̀ pé ẹ̀rọ ni ó ṣìṣe. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn lórí ìkùukùu ni sátẹ́láìtì rí. Petrov sọ lẹ́yìn náà pé kò dá òun lójú tán nígbà tí òun ń sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀rù tí ẹ ní ó ń ṣọ́ wa ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá lóru ọjọ́ yẹn. Èmi fọkàn tán wáyà ìbánisọ̀rọ̀ tí wọ́n fà láàárín Moscow àti Washington ní ọdún 1963, lẹ́yìn tí ọ̀ràn rọ́kẹ́ẹ̀tì tí àwọn Soviet gbé lọ sí Cuba ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ogun sílẹ̀ ní ọdún tí ó ṣáájú, ju bọ́m̀bù fúnra rẹ̀ lọ. Iṣẹ́ Johnson àti Phillips ni wáyà náà ń ṣe.

“Bàbá wa jagun abẹ́lé láti ọdún 1968 títí ó fi parí. Ní ọdún Kérésì tó kọjá, àwọn ọmọ yin bánga lójú fèrèsé. Bàbá ju àwo iyán sílẹ̀, wọ́n sì ti wà lábẹ́ tábìlì kí á tó mọ̀. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà náà, bàbá kì í bá wa jẹun pọ̀ mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní ojo ni wọ́n látilẹ̀wá. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?” (Ọmọ wọn obìnrin, Iléṣà)

Rárá o. Ẹ bá mi sọ fún ẹ̀gbọ́n yín pé ara tí ó wà lábẹ́ tábìlì yẹn ni ara tí ó mú bàbá bọ̀ láti ojú ogun. Nígbà náà, ẹni tí ó bá dúró ronú kí ó tó dojúbolẹ̀ kò padà wálé, bẹ́ẹ̀ ni ara kò mọ̀ pé ogun ti parí láti oṣù Kìíní ọdún 1970. Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, á sá.

Àwọn baba wa mọ̀ pé ẹ̀rù ń ba jagunjagun. Wọ́n ní Ẹ̀ṣọ́ kì í gba ọfà lẹ́yìn, wọ́n ní alákoro kì í sá ogun. Ta ni yóò ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí kò ní sá? Ní Ogun Àgbáyé Kìíní, ilé ẹjọ́ ológun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dájọ́ ikú fún àwọn ọmọ ogun kan pé wọ́n ṣojo tàbí pé wọ́n sá, bẹ́ẹ̀ ìró àdó olóró ti da ọpọlọ àwọn kan nínú wọn rú. Ọdún 2006 ni ìjọba tó dárí ji àwọn 306 tí wọ́n yìnbọn pa bẹ́ẹ̀. Ọdún 1980 ni àwọn oníṣègùn ọpọlọ ní Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ àìsàn tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ń fi sára sínú ìwé wọn.

Ẹ bi bàbá bóyá wọ́n ń sùn dáadáa. Bí wọ́n bá ń lálàá ogun, tàbí tí wọ́n ń pariwo lójú oorun, ẹ mú wọn lọ rí dókítà, kí orúkọ Arò, ilé ìwòsàn ọpọlọ tí ó wà ní Abẹ́òkúta, má sì bà yín lẹ́rù, nítorí ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ń lọ síbẹ̀ ń padà wálé jẹun. Bí Kérésì bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ẹ kó àwọn ọmọ lọ bá wọn, kí àwọn ọmọ dọ̀bálẹ̀ tọrọ àforíjì, kí wọ́n sì sọ wákàtí tí wọn yóò yin bánga àti ibi tí wọn yóò ti yìn ín. Ẹ gbé àga wọn kúrò lójú fèrèsé, kí ẹ̀yìn wọn kan ògiri, kí ojú wọn sì kọ sí ẹnu ọ̀nà. Kí ẹ̀gbọ́n yín jókòó tì wọ́n.