Láptọ́ọ̀pù tó ń rìn bí ìgbín

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ni mo ní. Bí mo bá tan láptọ́ọ̀pù mi láàárọ̀, màá gbálẹ̀, màá ra àkàrà dé, kò ní tíì ṣí. Windows 10 ni, RAM (ibi tó ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí) 4GB, hard disk (ibi tó ń tọ́jú fáìlì sí) 500GB. Ọmọ tó ń bá mi tún un ṣe ní kí n máa defragment rẹ̀ lójoojúmọ́, ìyẹn ni pé kí n máa kó fáìlì tó fọ́n ká sórí hard disk jọ. — Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìrọ́jú. Lójoojúmọ́ kẹ̀? Windows fúnra rẹ̀ ń ṣe é lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pa pọ̀, Task Manager tó ń fi ohun tó ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà hàn yóò ṣí. Bí Disk bá ti wà ní 100% nígbà tí ẹ ò tíì ṣí nǹkan kan, ẹ lọ sí Startup, kí ẹ fi Disable pa ohun tí ẹ kì í lò láàárọ̀. Ẹ má pa antivirus o.

Lẹ́yìn náà, láti pa fáìlì tí ẹ ò nílò mọ́ rẹ́, ẹ lọ sí Settings, System, Storage, Temporary files. Ẹ yẹ Downloads wò dáadáa kẹ́ ẹ tó tẹ Remove files! Ibẹ̀ ni mo ti pa káàdì ìgbéyàwó oníbàárà kan rẹ́ ní àárọ̀ ọjọ́ tó fẹ́ wá gbà á.

Ṣùgbọ́n kí n má tàn yín: 4GB kéré. Bí RAM bá kún, hard disk ni Windows ń yá lò, àwo tó ń yí ló sì wà nínú ìyẹn, kò lè sáré tó RAM. SSD, ìyẹn díìsì tí kò ní ohun tó ń yí nínú, ni kí ẹ kọ́kọ́ rà rọ́pò hard disk, kí RAM tẹ̀ lé e. Ẹ tú RAM àtijọ́, kí ẹ mú un lọ́wọ́ lọ sí ọjà, torí oríṣi RAM ni DDR3 àti DDR4, DDR3 kì í sì í wọ ihò DDR4.